Kọ́kọ́rọ́ Inú Kọ̀ǹpútà Àgbélétan: Ta Ni Ó Ni Ín?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá, tí ó rí bí Mowe àti Ibafo ti kún lónìí, tàbí tí ó gba ọ̀nà Abẹ́òkúta kọjá ní Ifo títí dé Ewekoro, kò ní ṣàì mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ń pọ̀ sí i ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn kan ń ṣe omi inú ọ̀rá àti ti inú ike, àwọn kan ń ṣe búrẹ́dì, àwọn mìíràn ń ṣe oúnjẹ adìyẹ, irin tàbí sìmẹ́ńtì. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń wọ inú wọn láti máa ṣe àtúnṣe ẹ̀rọ, ọmọ Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn. Ọ̀ràn kan wà tí ó ń bá iṣẹ́ náà rìn tí ẹnu kì í sábà kàn, àfi ọjọ́ tí ó bá di wàhálà. Ọ̀ràn náà ni ti kọ̀ǹpútà àgbélétan, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí láàpútọ́ọ̀pù, tí a fi ń tún ẹ̀rọ ṣe, àti ti àṣẹ ìlò tí ó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewekoro bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960, irú ohun tí à ń sọ yìí kò tí ì sí níbì kankan lágbàáyé. Ìparí ẹ̀wádún náà ni Dick Morley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ adarí kan tí wọ́n pè ní Modicon 084, tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó. PLC ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pe irú rẹ̀ lónìí. Kọ̀ǹpútà kékeré ni, inú àpótí iná ni ó ń gbé. Òun ni ó ń sọ fún mọ́tò ìgbà tí yóò yí, tí ó ń sọ fún páìpù ìgbà tí yóò ṣí àti ìgbà tí yóò pa dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣe é gbọ́dọ̀ fi wáyà so kọ̀ǹpútà àgbélétan mọ́ ọn, kí ó sì ṣí sọ́fítíwià tí àwọn tí ó ṣe PLC náà gbé jáde fún un.

Sọ́fítíwià bẹ́ẹ̀ kì í sábà ṣiṣẹ́ láìní láísẹ́ǹsì. Ẹ̀tọ́ láti lò ó ni ẹni tí ó san owó rà, ẹ̀tọ́ yìí sì ní kọ́kọ́rọ́ kan tí ń gbé inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà, nítorí pé kọ̀ǹpútà àgbélétan kì í pẹ́ láyé ní ilé-iṣẹ́ wa. Eruku ń wọ̀ ọ́ nínú, ooru ń mú un, iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ń jó o, olè sì lè gbé e nínú ọkọ̀. PLC lè lo ogún ọdún lórí ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀ kì í sábà lò tó ìdajì rẹ̀. Ó di dandan nígbà náà kí a pààrọ̀ rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ̀rọ tó gbó.

Bí a ṣe ń gbé kọ́kọ́rọ́ yìí kúrò nínú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn yàtọ̀ láti ọwọ́ olùṣe kan sí èkejì. Ti Siemens ará Jámánì, tí ó ni STEP 7 àti TIA Portal, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ̀. Láyé àtijọ́, inú dísíkẹ́ẹ̀tì ni kọ́kọ́rọ́ náà ń bá ọjà wá. Nígbà tí ó yá ó di inú fíláàṣì. Sọ́fítíwià kan tí ń jẹ́ Automation License Manager ni a fi ń gbé e. Bí ó bá ti dé inú kọ̀ǹpútà kejì, ó ti kúrò nínú ti àkọ́kọ́ nìyẹn, bí ìgbà tí ènìyàn fa kọ́kọ́rọ́ ilé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá dà á kọ bí ẹni ń da lẹ́tà kọ yóò rí i pé ẹ̀dà náà kò ṣí ilẹ̀kùn kankan. Ẹni tí ó bá sì pa gbogbo ohun tí ó wà lórí dísìkì rẹ́ kí ó lè fi Windows tuntun sí i, láìkọ́kọ́ gbé kọ́kọ́rọ́ jáde, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ nù.

Ti Rockwell ará Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Àṣẹ náà máa ń so mọ́ ohun kan nínú ara kọ̀ǹpútà, bíi nọ́ńbà dísìkì rẹ̀ tàbí nọ́ńbà káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, tàbí kí ó so mọ́ ike kékeré kan tí a ń kì bọ ihò USB. Bí ó bá so mọ́ ike, ọ̀rọ̀ rọrùn: a ó yọ ike náà, a ó kì í bọ inú kọ̀ǹpútà tuntun. Bí ó bá so mọ́ kọ̀ǹpútà gan-an, a gbọ́dọ̀ dá àṣẹ náà padà láti orí ti àtijọ́, kí a tó tún gbà á sórí tuntun. Ọ̀nà méjèèjì, ti ará Jámánì àti ti ará Amẹ́ríkà, pàdé níbì kan: kọ̀ǹpútà àtijọ́ gbọ́dọ̀ ṣì wà láàyè kí iṣẹ́ náà tó lè rọrùn. Ọjọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ó ń pariwo bí ẹ̀rọ àlọta, ni ó yẹ kí a ti gbé kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú rẹ̀. Àwọn tí ó ní sùúrù títí yóò fi kú pátápátá pọ̀ ju àwọn tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ó bá ti kú ńkọ́? Ọ̀nà ṣì wà. Ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí pé òun ra láísẹ́ǹsì lè kàn sí olùtà, kí ó ṣàlàyé pé kọ̀ǹpútà bàjẹ́, kí ó sì béèrè fún àtúnṣe. Bí iṣẹ́ bá dúró, TIA Portal ní àyè ìdánwò ọjọ́ 21 tí ẹni tí ó rà á lè fi gbé ara rẹ̀ ró títí ìdáhùn yóò fi dé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àkọ́kọ́ tí olùtà yóò béèrè ni pé: orúkọ ta ni ó wà lórí ìwé náà?

Ìbéèrè yìí ni ó ń tú àṣírí. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kéékèèké, ọ̀gá kì í fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún àtúnṣe ẹ̀rọ. Ohun tí yóò sọ ni pé, “Ẹnjiníà, ẹ fi tiyín ṣe é ná.” Ẹnjiníà náà a fi tirẹ̀ ṣe é. Láísẹ́ǹsì a wọ inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ìmeèlì tirẹ̀ ni wọn yóò fi forúkọ sílẹ̀, fáìlì iṣẹ́ gbogbo ẹ̀rọ a sì máa gbé inú àpò rẹ̀ lọ sílé ní alaalẹ́. Lọ́jọ́ tí ó bá rí iṣẹ́ mìíràn ní Ṣàgámù tàbí ní Agbára, tàbí tí òun àti ọ̀gá bá jà lórí owó oṣù, kọ́kọ́rọ́ ilé-iṣẹ́ ti bá a lọ. Àwọn kan a máa lò ó láti fi gba owó tí ọ̀gá jẹ wọ́n. Àwọn mìíràn a máa fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí orí PLC, kí ó má baà sí ẹlòmíràn tí yóò lè tún ẹ̀rọ náà ṣe lẹ́yìn wọn.

Ẹ̀bi ọ̀gá ni ó ṣáájú nínú ọ̀ràn yìí, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ olówó ńlá tí kò wá ra kọ̀ǹpútà tí a ó fi tọ́jú rẹ̀ ti kó ẹrù tirẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Owó oṣù tí a kò san sì jẹ́ gbèsè, ọ̀nà tí a fi ń gba gbèsè wà. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi owó ilé-iṣẹ́ rà, àmánà ni ní ọwọ́ ẹni tí ó ń lò ó, a kì í sì í dá àmánà dúró fún gbèsè mìíràn. Ìjà ẹni méjì ni, ṣùgbọ́n ìyà rẹ̀ kì í mọ sí orí ẹni méjì. Bí ẹ̀rọ omi bá dúró ní Ibafo, àwọn obìnrin tí ń di omi sínú àpò, tí wọ́n ń gba owó iṣẹ́ òòjọ́, ni yóò kọ́kọ́ padà sílé lọ́wọ́ òfo; ọ̀gá ṣì lè ní ohun mìíràn tí yóò máa jẹ.

Níbi tí ọ̀ràn bá ti rí báyìí ni kíràákì ti ń wọlé. Ẹnì kan a mú fíláàṣì wá, a ní gbogbo sọ́fítíwià náà wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò sí kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni ń wá. Àwáwí kì í wọ́n. Wọn a ní owó dọ́là tàbí Yúró ni òyìnbó ń béèrè, òótọ́ sì ni pé ó wọ́n: dọ́là tí ó jẹ́ nǹkan bíi náírà 460 ní owó ìjọba kí ó tó di àárín oṣù Kẹfà ọdún 2023 ti kọjá náírà 1,500 ní oṣù Kejì ọdún 2024. Wọn a tún ní ilé-iṣẹ́ ti ra láísẹ́ǹsì yìí tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà ni ó kú, nítorí náà kò sí olè níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ní ìwọ̀n díẹ̀, nítorí pé ẹ̀tọ́ wọn ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ó háyà bá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, onílé ni ó yẹ kí ó lọ bá; ẹni tí ó ń jálẹ̀kùn kiri kọ́ ni yóò pè. Ọ̀nà olùtà ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí.

Ti ẹni tí kò tilẹ̀ rà á rárá kò ní àríyànjiyàn nínú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1988, Ilé-Ìgbìmọ̀ Fíkíhì Àgbáyé, tí ó wà lábẹ́ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, OIC, jókòó ní Kuwait fún ìpàdé rẹ̀ karùn-ún, ó sì fi ẹnu kò pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti ti ẹni tí ó hùmọ̀ nǹkan jẹ́ ohun ìní tí Sharia dá ààbò bò, tí kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lójú. Òfin orílẹ̀-èdè yìí náà kò dákẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti ọdún 2022, tí ó di òfin ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ka sọ́fítíwià mọ́ iṣẹ́ tí a dá ààbò bò, ó sì ka jíjá àgádágodo tí oní-nǹkan fi sí i sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹni tí kò bá tilẹ̀ ka èyí sí yẹ kí ó ro ti ewu tí ó wà nínú fíláàṣì náà. Ní oṣù Keje ọdún 2022, Dragos, ilé-iṣẹ́ ará Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ ààbò irú ẹ̀rọ wọ̀nyí, ròyìn nípa àwọn sọ́fítíwià tí wọ́n ń polówó lórí ẹ̀rọ ayélujára pé wọ́n lè wá ọ̀rọ̀ aṣínà PLC tí ó sọnù rí. Èyí tí wọ́n yẹ̀ wò wá ọ̀rọ̀ náà rí ní tòótọ́. Ó sì fi fáírọ́ọ̀sì tí ń jẹ́ Sality sínú kọ̀ǹpútà ẹni tí ó lò ó. Ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 2010, ni gbogbo ayé gbọ́ nípa Stuxnet, tí fíláàṣì wà lára ohun tí ó gbé e kiri, tí ó ń wá inú kọ̀ǹpútà tí ó ní STEP 7 wọ̀, kí ó lè ti ibẹ̀ dé orí PLC. Ilẹ̀ Iran ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà wọlé wà ní ilé-iṣẹ́ gbogbo. Kọ̀ǹpútà àtúnṣe ni ẹnu ọ̀nà.

Ẹni tí kò ní agbára owó kò sì di aláìrìnnà. Delta ti ilẹ̀ Taiwan kì í gba owó lórí sọ́fítíwià PLC rẹ̀ kéékèèké, Schneider ti ilẹ̀ Faransé náà sì ní ọ̀fẹ́ kan fún PLC M221. Ó yẹ kí ọ̀gá tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun béèrè èyí kí ó tó san owó, nítorí ìgbà náà ni ẹnu rẹ̀ ṣì lágbára.

Ó ku ohun kan tí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ sábà máa ń gbàgbé: kọ́kọ́rọ́ nìkan kò tó. Fáìlì iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá a lọ. Òótọ́ ni pé a lè fa ètò jáde láti inú PLC padà sórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ní orí àwọn PLC bíi S7-300, orúkọ àti àlàyé tí ẹni tí ó kọ ọ́ fi sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kì í bá a jáde. Ohun tí ènìyàn yóò rí ni nọ́ńbà lásán, bí ìwé tí wọ́n fa gbogbo orúkọ inú rẹ̀ yọ. Bákan náà, fáìlì tí a bá ti sọ di ti TIA Portal tuntun kì í ṣí mọ́ nínú ti àtijọ́, nítorí náà ẹ̀dà ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ wà ní ìpamọ́ kí a tó fọwọ́ kàn án. Windows pẹ̀lú ní ọ̀ràn tirẹ̀: ti XP parí ìtọ́jú ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, ti 10 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àwọn sọ́fítíwià àtijọ́ mìíràn kì í sì í gbà láti ṣiṣẹ́ lórí tuntun.

Ìwé kan ṣoṣo nínú ọ́fíìsì ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ sọ́fítíwià kọ̀ọ̀kan sí i, irú ẹ̀yà rẹ̀, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì, kọ̀ǹpútà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, ọjọ́ tí a gbé e débẹ̀, àti ibi tí fáìlì ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí owó tí a san. Kí ẹni méjì mọ ibi tí ìwé náà wà. Ìmeèlì tí wọn yóò sì fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ olùtà, kí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, tí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá.