Ìtẹ̀-omi Yàtọ̀ sí Ìṣàn-omi

Ní Ìjọra, bí omi bá ń ṣe tín-ín-rín lẹ́nu ẹ̀rọ ilé ìdáná, ohun tí a máa ń sọ ni pé “omi kò lágbára.” Gbólóhùn yìí kò tó fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, nítorí àbùkù méjì ni ó fi orúkọ kan ṣoṣo pè.

Àkọ́kọ́ ni kí táńkì má ga tó. Omi tí ó bá fi mítà 10 ga ju ẹ̀rọ lọ ń tẹ̀ ẹ́ tó ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ilẹ̀. Mítà 3 kò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá rẹ̀ lọ. Èyí ni mo dábàá pé kí a máa pè ní ìtẹ̀-omi. Èkejì ni kí ìdọ̀tí dí asẹ́ ẹnu ẹ̀rọ. Ìṣàn-omi ni èyí ń dín kù. Bí a tilẹ̀ ti ẹ̀rọ pa pátápátá, ìṣàn dópin, ṣùgbọ́n ìtẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

“Agbára” kò lè dípò méjèèjì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ti pọ̀ jù nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá ń ṣe tín-ín-rín, asẹ́ rẹ̀ ni kí a tú fọ̀. Bí ó bá jẹ́ gbogbo ẹ̀rọ ilé, kí a yẹ táńkì wò. Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ méjèèjì lè náwó gbé táńkì sókè nítorí ìdọ̀tí tí búrọ́ọ̀ṣì lásán ìbá mú kúrò.