Ẹ Fún Wa Ní Àwọ̀ Mẹ́ta Péré

Ẹ bi mí pé kí ni pupa àti yẹ́lò máa ń dà tí wọ́n bá pò wọ́n pọ̀. Kẹ́ ẹ tó bi mí tán, mo ti dáhùn: àwọ̀ ọsàn. Búlúù àti yẹ́lò ńkọ́? Àwọ̀ ewé. Láti JSS1 ni mo ti mọ̀ ọ́n lórí, mo sì ti gba máàkì lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní SS2 yìí, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo po ọ̀dà fúnra mi, ẹrẹ̀ ni mo pò. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo fẹ́ yà, ohun tó jáde dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò ọbẹ̀. Mo fi ọ̀dà kún un, ó tún burú sí i. Kí n tó jáwọ́, ìdajì ọ̀dà tí ìyá mi fi owó ọjà rà ti ṣòfò.

Nígbà tá a wà ní SS1, a lé ní ogún ní kíláàsì Visual Art. Ní báyìí, a ku méje. Àwọn tó lọ ò kórìíra iṣẹ́ ọnà o, ọ̀dà ló wọ́n. Tá a bá ń dín kù báyìí, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ká má ṣe é mọ́.

Àbá tèmi rèé: ká tó máa po ọ̀dà, ẹ jẹ́ ká fi àmì tótòtó, ìyẹn dọ́ọ̀tì, kọ́ bí àwọ̀ ṣe ń pò.

Mú máákà mẹ́ta: pupa, búlúù, yẹ́lò. Tẹ pupa tótòtó sórí bébà funfun, kó o wá tẹ yẹ́lò sí àárín wọn. Jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kó o máa fà sẹ́yìn. Nítòsí, dọ́ọ̀tì lo máa rí. Tó o bá dé ẹnu ọ̀nà, ó ti di àwọ̀ ọsàn. Ojú ẹ ló pò ó. Tó o bá fẹ́ kó pọ́n sí i, fi dọ́ọ̀tì pupa kún un. Tó o bá ṣì í, dọ́ọ̀tì kan lo ṣì, kì í ṣe ìdajì ọ̀dà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti búlúù àti yẹ́lò. Mo tẹ̀ wọ́n, mo fà sẹ́yìn, mi ò rí àwọ̀ ewé tí nóòtì mi sọ. Ó dà bí eérú. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, eérú náà ni. Ìgbà tí mo wádìí ló tó yé mi. Tí ọ̀dà méjì bá pò nínú abọ́ kan, kálukú á gbé lára ìmọ́lẹ̀ mì, èyí tí àwọn méjèèjì bá ṣẹ́kù nìkan la ó rí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìmọ́lẹ̀ àwọn méjèèjì ló ń wọ ojú pọ̀. Nóòtì mi ò purọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Ẹ kán omi bíńtín sí ojú fóònù yín kẹ́ ẹ wò ó: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù nìkan ló wà níbẹ̀. Yẹ́lò tẹ́ ẹ ń rí lójú fóònù, pupa àti àwọ̀ ewé ló bí i.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Georges Seurat, ará Faransé, fi dọ́ọ̀tì ya àwòrán tó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta láàárín 1884 sí 1886. Ṣáájú ẹ̀, Michel Eugène Chevreul, ọ̀gá níbi ìpaláró Gobelins ní Páríìsì, gbọ́ táwọn èèyàn ń ṣàròyé pé aró dúdú ibẹ̀ ò dúdú tó. Ó rí i pé aró ò ní ẹ̀ṣẹ̀, àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ń tan ojú jẹ. Ó kọ ìwé lé e lórí ní 1839. Níbi iṣẹ́ aró ni ẹ̀kọ́ náà ti jáde! Àwa tí wọ́n ń pe Òṣogbo wa ní ìlú aró, ṣé ó wá yẹ kó ṣàjèjì sí wa?

Ẹ wo Jimoh Buraimoh, tí wọ́n bí ní Òṣogbo níbí ní 1943, tó wà lára àwọn tó jáde láti Mbari Mbayo ti Dúró Ládiípọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ló ń tò sórí pátákó. Ẹnì kan ò lè po ìlẹ̀kẹ̀. Kálukú wọn ń jẹ́ àwọ̀ ara ẹ̀, síbẹ̀ tó o bá jìnnà, ojú èèyàn lo máa rí. Màmá mi àgbà ní Iléṣà náà ní aṣọ ẹtù nínú àpótí. Orúkọ ẹyẹ ẹtù ni aṣọ náà ń jẹ́, ẹyẹ dúdú tí funfun tò sí lára tótòtó. Ẹ wò ó lókèèrè, eérú lẹ máa pè é.

Àwọn kan nínú kíláàsì wa ní ó pẹ́ jù, pé WAEC ò ní dúró de dọ́ọ̀tì. Òótọ́ ni, ewé kan gbà mí ní wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n mi ò ní ká pa ọ̀dà tì. Táámù kan péré ni mo ní ká fi dọ́ọ̀tì kọ́ ojú, lẹ́yìn náà ká wá mú ọ̀dà. Ẹni tí ojú ẹ̀ bá ti mọ̀, ọ̀dà ẹ̀ ò ní ṣòfò mọ́.

Ẹ̀yin tíṣà wa, ohun tá a ń tọrọ ò pọ̀: máákà mẹ́ta fún èèyàn mẹ́rin-mẹ́rin, píríọ́dù méjì lọ́sẹ̀, àti ògiri òpin kọ́rídọ̀ tá a lè lẹ iṣẹ́ wa mọ́, kí ẹni tó ń kọjá lè fà sẹ́yìn wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wa lóhùn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí o, àwọn bàbá wa Òṣómàáló kì í dìde lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láìgbowó. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì àwọn tíṣà ni èmi náà máa lóṣòó sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Visual Art