Ẹ Fi Ìrù Ọmọ Ajá Sílẹ̀

Gígé ìrù ọmọ ajá ni yíyọ egungun, ẹran, awọ àti iṣan ìmọ̀lára kúrò lára ẹran tí ohunkóhun kò ṣe. Rottweiler, Boerboel, Doberman àti Boxer ni wọ́n sábà ń gé ìrù wọn, àwọn ajá ńlá tí àwọn èèyàn ilẹ̀ Rẹ́mọ ń wá láti fi ṣọ́ ilé àti ọjà. Ẹni tó kó àpò obì pamọ́ sí Sábó ní Ṣágámù kò jẹ̀bi bó bá fẹ́ ajá tí olè yóò bẹ̀rù. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ó gbà pé ajá tí wọ́n gé nírù ló mọ ilé ṣọ́.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gé e. Wọ́n lè fi rọ́bà di ìrù náà pinpin láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún tí ìyá bí ọmọ, kí ẹ̀jẹ̀ má lè kọjá, títí apá ìsàlẹ̀ yóò fi kú tí yóò sì já bọ́. Wọ́n sì lè fi sísọ́ọ̀sì tàbí abẹ gé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ kì í lo abẹ́rẹ́ tí ń mú ara kú, wọ́n ní ọmọ tí ojú rẹ̀ kò tíì là kò mọ ìrora. Irọ́ gbáà ni. Ní 1996, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà wo 50 ọmọ ajá bí wọ́n ṣe ń gé ìrù wọn lọ́jọ́ kẹta sí ìkarùn-ún: gbogbo wọn ló ké, gbogbo wọn ló jà. Rọ́bà tí àwọn kan ń pè ní ọ̀nà jẹ́jẹ́ kò sàn jù abẹ lọ. Ńṣe ló ń jẹ́ kí ẹran ara jẹrà lára ọmọ tó ṣì wà láàyè, nílẹ̀ tí eṣinṣin pọ̀ sí.

Ìdí tí wọ́n ń sọ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Columella ará Róòmù kọ ọ́ ní bíi 2,000 ọdún sẹ́yìn pé ọmọ ajá tí wọ́n bá fi eyín gé ìrù rẹ̀ kò ní í ní àrùn dìgbòlugi. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà dìgbòlugi, kì í ṣe eyín. Àwọn míì ní ìrù gígùn máa ń fara pa. Ìwádìí kan tó jáde ní Bìrìtéènì ní 2010, lórí ajá tó lé ní 138,000, fi hàn pé bíi 500 ajá ni wọ́n gbọ́dọ̀ gé nírù kí ẹyọ kan ṣoṣo tó bọ́ lọ́wọ́ ọgbẹ́ ìrù. Ní ti pé ó ń mú ajá rorò, ẹ wo Alsatian: ìrù rẹ̀ pé, olè sì ń sá fún un. Ajá ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá náà gbé ìrù rẹ̀ wọgbó tòun ti ṣaworo lọ́rùn, ó sì pa ẹran bọ̀.

Ìlú tí àwọn ajá tí wọ́n ń gé nírù ti wá gan-an ti jáwọ́ nínú gígé ìrù. Jámánì, níbi tí Rottweiler ti ṣẹ̀, fi òfin dè é ní 1998. South Africa ni Boerboel ti wá. Láti 2008 ni àjọ tó ń darí àwọn dókítà ẹran níbẹ̀ ti kà á léèwọ̀ fún wọn láti gé ìrù ajá nítorí ẹwà. Ta ni ẹni tó ń ta ajá ní Ṣágámù wá ń gé ìrù tirẹ̀ fún?

Ìrù ni ajá fi ń bá ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ àti èèyàn sọ̀rọ̀. Èyí tí kò ní in ṣòroó mọ̀ bóyá ó fẹ́ ṣeré tàbí ó fẹ́ bunijẹ, ọmọ kékeré inú ilé ló sì sábà máa ń fara gbá àṣìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Abala 495 nínú ìwé òfin ọ̀daràn ti ìhà gúúsù Nàìjíríà ka ìyà àìnídìí fún ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì dárúkọ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe láìsí ìtọ́jú àti àánú. Owó ìtanràn ibẹ̀ kéré débi ìtìjú, ṣùgbọ́n òfin ni.

Ìgbà kan péré ni gígé ìrù tọ́: bí ìrù bá fọ́ kọjá àtúnṣe, bó bá ń jẹrà, tàbí bí kókó burúkú bá yọ sí i. Iṣẹ́ dókítà ẹran nìyẹn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ oorun, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ojú ọgbẹ́ wà ní gbígbẹ, kí wọ́n dá ajá lẹ́kun fífi eyín kàn án, kí okùn ìránṣọ wà níbẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Kí wọ́n má sì fún un ní ibuprofen tí èèyàn ń lò fún ìrora, nítorí ó lè pa ajá.

Ọmọ ajá tí wọ́n ti gé nírù ṣáájú kó tó dé ọ̀dọ̀ olówó rẹ̀ yẹ fún ìtọ́jú náà: ibùsùn mímọ́, àyẹ̀wò ojoojúmọ́ nítorí ìdin. Kí ẹnikẹ́ni má da Izal tàbí epo ọkọ̀ sí i. Bó bá wú, tó ń rùn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ajá ní Sábó àti káàkiri Rẹ́mọ, ẹ béèrè èyí tí ìrù rẹ̀ pé, kí ẹ sì fi owó gígé san abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Bí ẹ kò bá ra èyí tí wọ́n gé, àwọn tó ń tà á kò ní í gé e mọ́.