Máàpù Àyálò àti Máàpù Àjùmọ̀ní

Ẹni tí ó bá ń tajà ní ayé òde òní kò lè ṣe aláìní máàpù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oníbàárà ń fẹ́ mọ ibi tí ìsọ̀ wà. Ẹni tí ó ń fi alùpùpù kó ẹrù ń fẹ́ mọ ọ̀nà tí ó yá. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ṣe yá máàpù Google lò, tí wọ́n sì rò pé ọ̀fẹ́ ni yóò máa jẹ́ títí.

Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́ fún púpọ̀ nínú wọn títí di oṣù keje ọdún 2018. Kí oṣù náà tó dé, ẹni tí a bá ṣí máàpù lórí ojú òpó rẹ̀ ní ìgbà 25,000 lójúmọ́ kì í san kọ́bọ̀. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ààbọ̀ dọ́là ni fún ìgbà 1,000. Láti ìgbà náà ni iye yìí ti di dọ́là 7, tí a sì ń fi dọ́là 200 ta oníṣòwò lọ́rẹ lóṣooṣù. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹni tí a ń ṣí máàpù rẹ̀ ní ìgbà 100,000 lóṣù, tí kò san nǹkan kan tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í san dọ́là 500. Ní oṣù kẹta ọdún 2025 ọrẹ náà dópin. Ìgbà 10,000 péré ni ó kù lọ́fẹ̀ẹ́, owó ẹni wa yìí sì di dọ́là 630.

Èmi kò bá Google jà. Olóko ni í dá iye lé iṣu rẹ̀. Oníṣòwò tí ó gbé gbogbo òwò rẹ̀ ka orí ohun tí kò ní àṣẹ lé lórí ni mo ń bá wí.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní ọdún 2004 ni Steve Coast dá OpenStreetMap sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àáró ni iṣẹ́ náà rí: ẹnì kan kọ orúkọ òpópónà àdúgbò rẹ̀ sí i, ẹlòmíràn fi afárá kún un, gbogbo ayé sì ń lò ó, àti oníṣòwò pẹ̀lú, bí ó bá ti pa òfin rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2012, Foursquare fi máàpù Google sílẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó sì wà lára ìdí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ara rẹ̀ jẹ: ẹni tí ó bá jẹ àáró ní láti san án. Owó ìtọrẹ ni a fi ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà OpenStreetMap. Ẹni tí ó bá ń lò wọ́n ní àlòjù, a lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Oníṣòwò ńlá ní láti ra kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tàbí kí ó sanwó fún ilé-iṣẹ́ mìíràn tí yóò bá a ṣe é. Bí ilé-iṣẹ́ yẹn bá sì fi owó lé owó, yóò gbé máàpù kan náà lọ sí ibòmíràn. Àǹfààní tí mo rí níbẹ̀ nìyí, ó sì ju ọ̀fẹ́ lọ.

Ní ibi púpọ̀, ojúlé àti ìsọ̀ kò tíì pé lórí máàpù àjùmọ̀ní yìí. Àwọn tí ó ń fi alùpùpù kó ẹrù ni ó mọ̀ wọ́n. Kí ọ̀gá wọn fún wọn ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ láti kọ wọ́n sí i, kí ó sì san owó wákàtí náà.