Assistant médical tàbí nọ́ọ̀sì: ọ̀nà wo ló yẹ ọ̀dọ́ Moretan?

Bí èsì ìdánwò BAC bá ti jáde, ìbéèrè kan náà ló máa ń dojú kọ àwọn ọ̀dọ́ Moretan àti gbogbo Est-Mono tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ìlera. Ẹ̀kọ́ dókítà pẹ́, owó rẹ̀ sì wúwo fún ọmọ àgbẹ̀. Ó wá ku iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tàbí iṣẹ́ assistant médical. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé bákan náà ni méjèèjì, torí aṣọ funfun kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Wọn kì í ṣe bákan náà o.

Ẹ̀kọ́ dókítà tí wọ́n gé kúrú ni assistant médical ń kọ́: bí a ṣe ń yẹ aláìsàn wò, bí a ṣe ń mọ àrùn tó ń ṣe é, àti oògùn tó yẹ kí a kọ fún un. Ilé ẹ̀kọ́ wọn wà lábẹ́ Yunifásítì Lomé, ìdánwò sì ni wọ́n fi ń wọlé. Ìtọ́jú ni nọ́ọ̀sì ń kọ́ ní tirẹ̀: abẹ́rẹ́, egbò, ṣíṣọ́ aláìsàn tọ̀sán-tòru. Lórí ìwé, ẹni àkọ́kọ́ ló ń pàṣẹ, ẹnì kejì ló ń mú un ṣẹ.

Orí ìwé nìyẹn. Ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tí ìjọba ń pè ní USP, nọ́ọ̀sì ni olórí lọ́pọ̀ ibi. Òun ló ń yẹ ọmọ tí ibà ń ṣe wò, òun ló ń fún un lóògùn, òun náà ló ń pinnu bóyá kí wọ́n gbé e sórí alùpùpù kí wọ́n sọdá odò Mono lọ sí ọsibítù ńlá ní Atakpamé. Dókítà ní Togo kò tó ẹyọ kan fún ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn, Lomé sì ni ọ̀pọ̀ wọn wà.

Iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì yìí ń ṣe ní orúkọ àti owó tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1965 ni iṣẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ní Yunifásítì Duke, Dókítà Eugene Stead kó ọkùnrin mẹ́rin tó ti tọ́jú aláìsàn nínú iṣẹ́ ológun ojú omi jọ, ó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ physician assistant. Ní Colorado, nọ́ọ̀sì Loretta Ford àti dókítà ọmọdé Henry Silver dá nurse practitioner sílẹ̀: nọ́ọ̀sì tó padà lọ kàwé kí ó lè yẹ aláìsàn wò. Lónìí, ó lé ní ìdajì àwọn ìpínlẹ̀ ibẹ̀ tí nurse practitioner ti lè dá ṣiṣẹ́ láìsí dókítà lórí rẹ̀. Faransé náà fòfin gbe irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ ní 2018.

Ẹ má wo ọ̀nà jíjìn. Láti 1969 ni Ghana ti ń ṣe tirẹ̀ ní Kintampo. Nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà, wọ́n ń sọ wọ́n di medical assistant, tí wọ́n ń pè ní physician assistant báyìí. Lójú tèmi, ọ̀nà yìí ló bá abúlé mu jù, torí ẹni tó ti mọ abúlé ni wọ́n ń gbé ga.

Orúkọ iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ní oṣù Keje 2025, ìròyìn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Gillian Leng kọ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn tí wọ́n ń pè ní physician associate padà sí physician assistant, torí àwọn aláìsàn ń ṣì wọ́n mú fún dókítà. Níhìn-ín ńkọ́? “Dókítà” ni à ń pe gbogbo wọn, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn.

Ẹni tó bá fẹ́ràn wíwá ìdí àrùn, kí ó gbìyànjú ìdánwò assistant médical. Ẹni tó bá yan nọ́ọ̀sì kò pàdánù, iṣẹ́ rẹ̀ kì í wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ó tó gba ipò olórí USP, kí ó béèrè oògùn tí òfin gbà á láyè láti kọ, àti dókítà tí yóò pè lóru. Bí aláìsàn bá kú sí i lọ́wọ́, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, wọn kì í ka iye ẹni tó ti gbà là.

Ètò ìbánigbófò ìlera AMU bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 2024. Ọjọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ wa, èrò yóò pọ̀ sí i ní USP. Ó yẹ kí ìjọba ti ya àyè sọ́tọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ assistant médical kí ó tó dìgbà náà, fún nọ́ọ̀sì tó ti fi ọdún márùn-ún ṣiṣẹ́ lábúlé, kí owó oṣù rẹ̀ má sì dúró nígbà tó bá wà níbẹ̀.