Ẹ má da yanrìn dí ibi tí omi ọ̀sà ń tẹ́ sí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde nípa etí ọ̀sà Àjàṣẹ́, n kò sì fara mọ́ ọn. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí ìjọba da yanrìn sí gbogbo ẹrẹ̀ etí omi, kí wọ́n mọ ògiri kọnkéré sí i, kí omi má baà kún bò ó mọ́, kí ará ìlú lè máa ṣe fàájì níbẹ̀ tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò. Fàájì dára. Èmi náà ń fẹ́ ibi tí àwọn ọmọ wa yóò ti máa ṣeré. Ṣùgbọ́n níbo ni kí omi gbà?

Ọ̀sà wa kò jìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kíá ni ọ̀pá atukọ̀ ń kan ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Nítorí náà, bí omi bá pọ̀, fífẹ̀ ló máa ń fẹ̀. Odò Ouémé ló ń gbé òjò òkè ọ̀hún bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, láàrin oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, nígbà mìíràn tí oòrùn ń ràn lórí àwa níbí. Bí omi yẹn bá dé tí kò bá ẹrẹ̀ tó máa ń tẹ́ sí mọ́, ilé àwọn ará Aguégués àti ti àwọn tó ń gbé etí ọ̀sà ni yóò yà sí. Ní 2010, omíyalé kan nǹkan bí 680,000 ènìyàn ní Benin.

Omi tó ń kún yìí náà ló ń fọ iyọ̀ kúrò. Láti 1885 tí àwọn Faransé ti la ọ̀nà omi ní Kùtọnù, omi òkun ń wọ adágún Nokoué nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ wa. Omi odò ló ń lé e padà, àwọn apẹja sì mọ ẹja tó ń bá omi iyọ̀ wá àti èyí tó ń bá omi odò wá. Ọ̀sà Àjàṣẹ́ wa yìí wà lára ilẹ̀ olómi tí Benin fi sábẹ́ Ramsar, àdéhùn àgbáyé tó wà fún ààbò ilẹ̀ olómi, ní 2000.

Ọ̀pọ̀ wa ní Ouando rò pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn wá, torí pé òkè la wà. Ó kàn wá gan-an ni. Bí òjò bá dá, ẹ lọ dúró lẹ́bàá gọ́tà tó sún mọ́ ọjà: ọ̀rá omi, ike, èèpo àgbàdo, gbogbo rẹ̀ ń bá omi pupa sáré lọ sísàlẹ̀. Àwọn ibi tó rẹlẹ̀ láàrin ìlú, bíi Zounvi, ló yẹ kó máa gba irú omi bẹ́ẹ̀ dúró, àwọn kan sì ti ń dí i kọ́lé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọgbà tí omi lè bò tí kò ní bàjẹ́: pápá bọ́ọ̀lù oníkoríko, igi tó lè dúró nínú omi, afárá pákó tó ga. Kí ilé oúnjẹ wà lókè. Kí ìgbìmọ̀ ìlú sì ri òpó mọ́ gbogbo ibi tí omi dé ní 2010, kí gbogbo wa rí i, kí típà yanrìn àkọ́kọ́ tó dé etí ọ̀sà.

Èmi ni, òǹkàwé yín ní Ouando, Àjàṣẹ́.