Ìfìyàjẹni Kò Parí sí Girama
Ọ̀pọ̀ òbí ní Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀ gbà pé bí ọmọ bá ti bọ́ yúnífọ́ọ̀mù girama, ìyà ọwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, ọdún 1999, ẹgbẹ́ òkùnkùn pa akẹ́kọ̀ọ́ 5 ní Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Góńgó irú ìyà bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Èyí tó wọ́pọ̀ kò ní ìbọn nínú: àwòrán ìtìjú tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí wọ́n ń rán lọ pọn omi lóru. Àwọn kan ní àgbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ifásitì, kí wọ́n fẹjọ́ sùn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹjọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá sùn, bí kò bá sí ààbò? Àwọn ifásitì wa, títí kan ọgbà Ifásitì Ọlábísí Ọnàbánjọ (OOU) ní Ìbògùn, gbọ́dọ̀ dáàbò bo olùfisùn kí wọ́n tó bi í léèrè ẹ̀rí.